Kábíyèsí Èkúté, Ọba Àná ní South Georgia

Èkúté, ọmọ onírù gbọọrọ!
Awọkọ̀-má-sanwó, èrò tí kì í gba físà,
Ajẹyin-má-sin-adìyẹ,
Apọmọ-lójú-ìyá,
Àlejò tí í dé lóru, tí í di onílé kílẹ̀ tó mọ́!

A kí ọ kú iṣẹ́. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ọdẹ séàlì, àti àwọn ọdẹ àbùùbùtán lẹ́yìn wọn, ti ń gúnlẹ̀ sí South Georgia, erékùṣù òtútù ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì. Wọ́n wá owó, ìwọ wá oúnjẹ. Wọ́n lọ, o jókòó.

Akin ni ọ́! Igi kan ò sí níbẹ̀, ilẹ̀ ni ẹyẹ ń yé sí. Inú ihò ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ òkun ti ń sàba. Wọn ò rí ẹranko ajẹyin tó ń fẹsẹ̀ rìn rí, wọn ò mọ̀ pé sísá ló kàn. Ẹni tí kò mọ̀ pé ogun dé lo ṣẹ́gun, jagunjagun! Pípíìtì, ẹyẹ olórin kan ṣoṣo tí erékùṣù náà ní, tí kò sí níbòmíràn láyé, o lé e dé àwọn erékùṣù wẹ́wẹ́ etí òkun.

Òkìtì yìnyín ló pààlà sáàárín àwọn agboolé rẹ. Yìnyín ń yọ́, ọ̀nà fẹ́ là fún ọ. Ìdí nìyẹn tí àjọ South Georgia Heritage Trust fi yára se àsè: láàárín 2011 sí 2015, hẹlikópítà da nǹkan bí 300 tọ́ọ̀nù oúnjẹ onímájèlé sílẹ̀ fún ọ. Ọba wo la tún se irú ẹ̀ fún? O jẹ, o yó, ẹ̀jẹ̀ rẹ kọ̀, kò dì mọ́. (Ká sòótọ́, májèlé náà pa pẹ́pẹ́yẹ àti àwọn ẹyẹ mìíràn pẹ̀lú.) Ìwọ náà lo sì ní ẹni tó pa ọ́ kò dùn ọ́ tó ẹni tó gbé ọ ṣánlẹ̀. Fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ọ ṣánlẹ̀ níbẹ̀.

Ajá mẹ́ta fi imú wá ọ kiri, kámẹ́rà ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ní oṣù Karùn-ún 2018, wọ́n kéde pé Kábíyèsí ti wàjà. Pípíìtì ti padà sílé, ó ń kọrin.

Ẹ̀lírí àbúrò rẹ ni oríkì kàn báyìí. Ní erékùṣù Gough, ààyè ọmọ ẹyẹ albatross ló ń jẹ. Wọ́n se irú àsè tìrẹ fún un ní 2021; ọdún ò tíì parí tí wọ́n tún fi rí i.