Bàbá Ayídìíwò

Bí ẹ bá gbé ìrẹsì fún un níbi ìnáwó, kì í kọ́kọ́ wo ẹran. Àwo ni yóò gbé sókè, bí ọbẹ̀ fẹ́ dà kó dà, yóò tẹ orí wo abẹ́ rẹ̀, yóò ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Bó bá bá Ṣáínà níbẹ̀, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Bó bá bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, ojú rẹ̀ á là, á wá rántí pé ebi ń pa òun. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Ayídìíwò. Kò tíì gbọ́, ẹ má sì jẹ́ kó gbọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ló wà. Àdúgbò wo ni kò ti sí? Òun ni bàbá tó ń wọ aago Timex tó ti dákẹ́ láti ayé Ṣágárì, tó sì ń búra pé ó sàn ju gbogbo aago tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Òun ló máa ń bi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fáànù pé, "Fáànù lẹ̀ ń pe èyí?" Ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi ń dájọ́ ohun gbogbo tí ọmọ aráyé fọwọ́ ṣe: ọríjínà àti Táíwàn. Ohun tó bá burú ju Táíwàn lọ kì í lórúkọ, ó kàn máa ń yọ ṣùtì sí i ni.

Agbára ni tiwa ń gbé, níbi tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti máa tijú díẹ̀. Ìlú tó ń ṣe nǹkan ni. Láti àwọn ọdún 1970 tí Olóyè Adéyẹmí Lawson ti sọ igbó ibẹ̀ di ilẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ni ẹ̀rọ ti ń dún níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nestlé wà níbẹ̀ láti 1982, Beta Glass ń yọ́ yanrìn di ìgò, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé òórùn oúnjẹ wọ yàrá wa ní òwúrọ̀ kí iyán ilé tó di gígún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí n kò ní dárúkọ, nídìí ẹ̀rọ tó ń di oúnjẹ sínú agolo. Ìdí agolo ni wọ́n ń lu déètì sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa mú agolo láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó yí i, kó wò ó bóyá déètì náà hàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ibẹ̀ ni mo rò pé ọrùn rẹ̀ ti kọ́ àṣà.

Ṣùgbọ́n bó bá ti jáde ní géètì, tó fẹ́ rajà lọ sílé, "Ṣé ẹ ní ti òkè òkun?" ló máa ń bi àwọn ìyá ọlọ́jà. Nígbà mìíràn á wọkọ̀ lọ sí Àgbádárìgì nítorí ọjà tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ kan ó san ìlọ́po méjì owó lórí agolo kan tí wọ́n ní láti Kútọnu ló ti wá. Ó délé, ó yí i, ó bá Agbára nídìí rẹ̀. Agolo náà ti kúrò ní Agbára, ó ti ré bodè kọjá, ó tún ti padà wá bá a. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín o, pé èyí tí wọ́n bá ṣe fún àwọn ará òde yàtọ̀. Ẹ̀rọ kan náà ló ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró tì í.

Ní oṣù Kejìlá 2023 tí P&G kéde pé àwọn kò ní máa ṣe nǹkan ní Nàìjíríà mọ́, pé ńṣe ni àwọn ó máa kó ọjà wọlé, ojú gbogbo Agbára fà ro. GSK ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde tirẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ni. Bàbá nìkan ló dìde nínú ìpàdé onílé. "Ẹ ò rí i? Ọríjínà ti ń padà bọ̀." Ìyàwó rẹ̀ bi í, láàárín gbogbo ènìyàn, bóyá ó ti bèèrè iye tí wọ́n ń ta Pampers. Ó jókòó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ọkọ̀ ojú irin rẹ̀.

Ní 1978, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kàwé ní Chicago fi páálí kan ránṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré oníná ni, Lionel ni wọ́n kọ sí i lára: orí ọkọ̀ kan, wágùnù mẹ́rin, irin tó yí po bí òrùka, àti àpótí kékeré kan tó ń pín iná fún un. Ìyàwó wà nínú oyún nígbà náà, ọmọ tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Wọ́n bí ọmọ náà ní àlàáfíà. Ó ti ń hu ewú báyìí, kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀.

Orí tábìlì ní pálọ̀ ló wà, lábẹ́ ọ̀rá. Kí ẹ tó sọ pé ẹ kú ilé lẹ ó ti gbọ́: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ọríjínà ni. Irin gidi. Ọwọ́ Amẹ́ríkà." Ó máa ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ Amẹ́ríkà yẹn bí ẹni tó bọ̀ ọ́ rí.

Iná Amẹ́ríkà kì í ju 110 tàbí 120 lọ. Tiwa, bó bá wà, 240 ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kì í bọ ògiri, àpótí náà ké ṣíí, ó rú èéfín, ó dákẹ́. Wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń wé wáyà mọ́tò iná, ìyẹn tú gbogbo ìfun rẹ̀ síta, ó fi wáyà tirẹ̀ rọ́pò. Kẹ̀kẹ́ méjì bọ́ ní ayé Bàbáńgídá, wẹ́dà kan ní Lúsádà ló ṣe òmíràn sí i. Ìkọ́ tó so wágùnù kẹta mọ́ ìkẹrin, wáyà ìkọ́ṣọ ni. Nígbà tó yá, Bàbá lọ sí Aláàbà, ó ra sítẹ́ẹ̀pù-dáànù tó ń rẹ iná sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo nínú ilé yẹn tí kì í yí ìdí rẹ̀ wò nìyẹn. Ó ti fi téèpù dúdú lẹ ìdí rẹ̀ pa. Lọ́jọ́ kan tó lọ tọ̀, mo ṣí etí téèpù náà díẹ̀. N kò ní sọ ohun tí mo kà níbẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá pariwo "Up Nẹ́pà!", tí àwọn yòókù ń sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, Bàbá ń ká ọ̀rá kúrò lórí tábìlì. Ọkọ̀ náà á yí lẹ́ẹ̀kan, á yí lẹ́ẹ̀méjì, ìró rẹ̀ á máa dún wẹ́wẹ́. Orí ọkọ̀ yẹn máa ń rú èéfín nígbà kan, omi òògùn kan báyìí ni wọ́n ń kán sí i, ṣùgbọ́n ìgò tó bá a wá ti tán kí wọ́n tó yí owó padà. Ó wá dá ọgbọ́n sí i: ó ń ṣẹ́ díẹ̀ lára òògùn ẹ̀fọn tó ká rìbìtì, á tanná ràn án, á gbé e sórí wágùnù àkọ́kọ́. Èéfín ń rú, ẹ̀fọn ń kú. Iná á lọ, ọkọ̀ á dúró síbi kọ́nà, Bàbá á dúró tì í bí èrò tó ń dúró de gáàdì. N kò tíì rí i kó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá rí.

Irin mẹ́ta ni Lionel ń rìn lórí rẹ̀, èyí tó wà láàárín ló ń gbé iná bọ inú ọkọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní pólì Ìlárò fẹ̀sọ̀ sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, reluwé gidi, irin méjì ló ń tẹ̀." Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń yẹ̀ kúrò lójú irin."

Èmi náà ṣe àṣejù. Mo lọ ka ìtàn Lionel, mo sì rò pé inú rẹ̀ á dùn sí i. Ó kọ́kọ́ dùn sí i lóòótọ́. Mo sọ bí Joshua Lionel Cowen ṣe dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní New York ní 1900, bó ṣe jẹ́ pé ohun tí wọ́n á gbé sójú wíńdò ṣọ́ọ̀bù láti fi fa oníbàárà ni ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí àwọn oníbàárà wá pa ọjà tì, tí wọ́n ní ọkọ̀ làwọn fẹ́ rà. Mo sọ pé ní àwọn ọdún 1950, kò sí ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré tó tóbi tó o láyé. Bàbá ń mi orí, ó ní kí wọ́n fún mi ní mọ́ltínà.

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. N kò dákẹ́. Mo ní ní nǹkan bí 1970, General Mills ló gba iṣẹ́ Lionel ṣe, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ inú páálí, irú èyí tí à ń da mílíìkì sí. "Bàbá, ẹlẹgbẹ́ yín ló ṣe é. Oníṣẹ́ oúnjẹ bíi tiyín." Mo ní ní àwọn ọdún 1980 wọ́n kó o lọ sí Mẹ́síkò, ó tún padà sílé, láti 2001, Ṣáínà. Èyí tó wá burú jù ni mo fi gbá a nídìí: pé àwọn àgbàlagbà tó ń kó Lionel jọ ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn ló ń sọ pé lẹ́yìn 1969 kò sí ọríjínà mọ́, pé ike lásán ni ti àwọn ọdún 1970. Mo na ọwọ́, mo fi èékánná ta orí ọkọ̀ náà. Ó dún bíi kọ́ọ̀pù ìwẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi dá mi lóhùn ìkíni. Mo ń rò ó láàárín ìgbà náà pé bàbá kan á wà ní Michigan báyìí tí yóò máa yọ ṣùtì sí ohun tí bàbá kan ń fọ̀rá bò ní Agbára.

Reluwé ló parí ìjà wa. Ní oṣù Kẹwàá 2024 tí ọkọ̀ Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó lọ sí Ọ̀yìngbò, ẹnì kan sọ fún Bàbá pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á. Òótọ́ ni. Ní Milwaukee ni wọ́n ti ṣe é. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló ní kí wọ́n ṣe é ní 2009, ìjọba yí padà, gómìnà tuntun ní òun kò ṣe mọ́, ọkọ̀ tuntun sì wà nílẹ̀ láìgbé èrò kan títí Èkó fi rà á ní 2022. Tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò rí! Irú oríire wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bàbá wọ bùbá àti ṣòkòtò ọdún, ó ní kí n sin òun lọ. Lúsádà, Àtàn, Ọ̀tà, Sangó, Agbádó: dáńfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, dáńfó. Eruku fi àwọ̀ kejì kun aṣọ wa.

Nígbà tí ọkọ̀ náà wọlé, Bàbá bọ́ fìlà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lára bí ẹni ń súre fún ọmọ. "Ọwọ́ Amẹ́ríkà rèé." Mo ní Talgo tó ṣe é, ará Sípéènì ni. Kò gbọ́. Mo wá nàka sílẹ̀. Mo ní irin tí ọkọ̀ yìí ń tẹ̀, òun náà ni ọkọ̀ Ìbàdàn ń tẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, CCECC ti Ṣáínà ló sì tẹ́ ẹ. "Bàbá, ẹ wo ìdí rẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò wò ó. "Òkè ni kí ẹ máa wò," ló wí, ó sì wọlé jókòó. Oorun ló sùn dé Ọ̀yìngbò.

Nǹkan kan wà tí kì í sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tú u síta níbi ìsọmọlórúkọ. Ìfọ̀ ni wọ́n ti bí wọn, níbi tí irin Ìdógò ti yà kúrò lára ti Abẹ́òkúta. Ó ní láti kékeré, àbúrò òun máa ń kó agolo sàdíìnì àti agolo mílíìkì jọ, á fi wáyà so wọ́n pọ̀, á gé sílípáàsì tó já ṣe kẹ̀kẹ́, á sì máa fa reluwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin bí ọkọ̀ Ìdógò bá ń lọ. Kò sí ọmọ tó lè ṣe é bíi tirẹ̀. Ẹ̀pà ni àwọn ọmọ yòókù fi ń bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn ṣe tiwọn. Mo bi Bàbá. Ó fajú ro. "Ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Agolo ni."

Kérésìmesì tó kọjá, wọ́n mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kí ó tó di ọ̀sán, ọmọ náà ti gbọ́ "má fọwọ́ kàn án" tó bí ìgbà ogún. A kò rí i mọ́. Ìrọ̀lẹ́ la gbọ́ ohun kan tó ń han lórí símẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé: agolo Milo mẹ́ta tó ti dógùn-ún, wáyà láàárín wọn, ìdérí ìgò fún kẹ̀kẹ́, okùn níwájú. Bàbá jáde sí i. Ó gbé èyí tó wà níwájú, ó yí i. Kẹ̀kẹ́ kan bọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga.

Ó wólẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ké. Ó wá a títí ó fi rí i, ó fi eyín tọ́ wáyà náà, ó lọ́ ọ pọ̀ lẹ́ẹ̀méjì, ó tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má ba à fa ènìyàn lọ́wọ́ ya. "Ta ló kọ́ ọ báyẹn? Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Mú ìkejì wá."

Ọmọ náà gbé agolo tó kù sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọríjínà ni."