Ìbọ̀sẹ̀ Mọ́tò Bàbá Onílé

Tíṣà bàòlọ́jì tí kò rówó ra eku, alángbá ni yóò fi kọ́ni.

Ẹ̀kọ́ nípa ìjà ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì ti fẹnu ṣe é fún wọn tán. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò kò le: wọn á fi akọ eku kan sílẹ̀ nínú àgò títí yóò fi gbà pé òun ló nilé, wọn á wá ju akọ mìíràn sí i. Onílé kì í bi àlejò pé níbo ló ti wá. Eyín ló fi ń kí i káàbọ̀.

Mo sọ fún wọn pé ní 2011, Dayu Lin, David Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Caltech, l'Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú hypothalamus, nísàlẹ̀ ọpọlọ eku, fi ń jí nígbà tí iná bá tàn sí wọn. Tí wọ́n bá ti tan iná yìí gba inú okùn tín-ín-rín tó wọ orí eku, eku á bẹ́ mọ́ ohun tó bá wà níwájú rẹ̀: akọ, abo, akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, títí kan ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Wọ́n á paná, ìjà á tán. Àdúgbò kan náà nínú ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí akọ bá ń gun abo ń gbé. Ọmọ kan lẹ́yìn kíláàsì ní ọ̀rọ̀ ilé àwọn ti wá yé òun.

Ilé ìwé wa kò ní iná tó tan bọ́ọ̀bù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti inú ọpọlọ. Mo bá rántí alángbá. Akọ olórí pupa kan wà lórí ògiri ilé tí mo háyà n'Íbàdàn, tó ń mi orí sí gbogbo ẹni tó bá kọjá. Àwọn àgbà ní ara rẹ̀ ló ń yìn, torí pé ó já láti orí ìrókò. Àwọn onímọ̀ ní ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ló ń kéde. Mo gbé dígí ìyàwó mi ti ògiri. Alángbá rí akọ mìíràn nínú ilé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó mi orí. Ẹni inú dígí náà mi orí padà. Ló bá bẹ́ mọ́ ọn, ó ń fi ìrù na gíláàsì. Mo ń fi fóònù ya fídíò, mo sì ń ṣàlàyé hypothalamus fún ògiri.

Mo gbé dígí padà sílé, ṣùgbọ́n ìjà ò bá a wọlé. Alángbá wá ọ̀tá rẹ̀ kiri títí ó fi rí i nínú dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò Bàbá onílé. Ojoojúmọ́ ló ń gun mọ́tò náà, tó ń fi èékánná ha á, tó ń yàgbẹ́ sí i. Bàbá pe gbogbo ayálégbé jọ: ẹni tó rán alángbá sí mọ́tò òun, kó tètè pè é padà. Mo bá àwọn yòókù mi orí.

Ní ìdájí, mo yọ́ jáde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ mi dúdú. Tí dígí bá ti bò, ọ̀tá kú nìyẹn. Iná ò sí. Mo ti wọ ẹsẹ̀ kan, mo ń bá èkejì jà, nígbà tí Bàbá jáde wá ṣe àlùwàlá. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá di dígí mọ́tò onímọ́tò mú nínú òkùnkùn, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tíṣà.

"Olè!"

Kẹ́tù ló kọ́kọ́ dé. Omi tẹ̀ lé kẹ́tù, Bàbá fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé omi.

Ní 1963, onímọ̀ ọpọlọ kan, José Delgado, dúró níwájú akọ màlúù kan tó ń sáré bọ̀ ní Córdoba, ní Sípéènì. Ó tẹ bọ́tìnnì rédíò, iná mànàmáná wọ ọpọlọ màlúù náà, eré rẹ̀ sì dá. Àwọn kan jiyàn pé ìbínú kọ́ ló pa, pé ẹsẹ̀ ẹran náà ló kàn ṣì í lọ́nà. Èyí tó wù kó jẹ́, mi ò ní kọ irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìbọ̀sẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo na ìbọ̀sẹ̀ sí i.

"Bàbá, èmi ni! Tíṣà ni!"

Kò gbọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mí lójú rẹ̀.

Àfi bí wọ́n ṣe mú iná dé. Eku Caltech, iná tàn, ìjà bẹ̀rẹ̀. Bàbá onílé, iná tàn, ìjà tán. Ó wò mí, ó wo dígí.

"Tíṣà, ìbọ̀sẹ̀ lo wá ń wọ̀ fún mọ́tò mi?"

Mo là á yé e, omi ń kán lára mi: eku, okùn iná, màlúù. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ títí mo fi dé orí ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó wá bi mí bóyá ìyàwó mi mọ̀ pé mo wà níta.

Kò lé mi jáde. Ó kàn fi àdéhùn kan kún ti ilé: tí mọ́tò bá ti wọlé, Tíṣà ni yóò wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, tó bá ń jáde, Tíṣà ni yóò bọ́ ọ. Ó tún ní dúdú kò bá mọ́tò òun mu, kí n wá funfun.