Ìgbànú Tí Kò Dé Ìdí Ọ̀rọ̀
Nínú ìmọ̀ báàgì àpọ̀nsẹ́yìn, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kó àgọ́, oúnjẹ àti omi sí nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ gun òkè fún fàájì, òfin àkọ́kọ́ ni pé ìbàdí ni yóò ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù, kì í ṣe èjìká, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń rán ìgbànú tó nípọn mọ́ ìsàlẹ̀ báàgì náà. Ó ṣeni láàánú pé bí ẹni tó sanra bá gbé e wọ̀, etí méjèèjì ìgbànú ọ̀hún a dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ikùn rẹ̀ bí orogún tí kì í kí ara wọn, ẹrù a sì padà sórí èjìká tí òfin ti dá nídè. Bí ó bá béèrè èyí tó tóbi, ọlọ́jà a gbé èyí tí wọ́n kọ L sí lára fún un, bẹ́ẹ̀ gígùn ẹ̀yìn, láti eegun tó yọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn títí dé orí egungun ìbàdí, ni lẹ́tà náà ń tọ́ka sí, bí ẹni pé òkè nìkan ni èèyàn ń sanra sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí pàápàá a máa wọn ìdí oníbàárà kó tó gé okùn. Ilé-iṣẹ́ Gregory tó ń ṣe irú báàgì yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, gbé báàgì tí ìgbànú rẹ̀ gùn fún àwọn tí ara wọn tóbi jáde ní 2021, èyí tó fi hàn pé ọdún 44 péré ni ìgbànú náà fi rin ìrìn-àjò yí ìbàdí ká.