Oríkì Àkànní, Ọ̀tá Ìfẹ́

Àkànní, ọ̀tá ìfẹ́, mo kí ọ o!
Má-dárúkọ-ìfẹ́-sí-mi-létí,
A-bú-ramúramù bí ẹni tí wọ́n gba ìyàwó rẹ̀, tí kò sì tíì níyàwó rí.
Ìwọ lo ní ìfẹ́ ò sí, owó ló wà;
A yẹ àpò rẹ wò, owó náà ò sí.
Òkúta àárín Ògùnpa tó ní òun ò mọ omi!
Akọ ẹyẹlé tó ń ké pé òun ò wá abo,
Tó ń pòòyì lórí òrùlé kan náà láti àárọ̀.

Bí ọjọ́ 14 oṣù Kejì bá pé, tí àwọn ọmọge Bódìjà wọ pupa títí dé bàtà, ìwọ a fi dúdú lé dúdú wá sẹ́nu iṣẹ́. A bi ọ́ pé ta ló kú. O ní làákàyè àwọn ọ̀dọ́ ni, pé ọ̀la lẹ máa sin ín.

Ọ̀mọ̀wé tí kò kàwé! O ní òyìnbó ló fi ọkọ̀ ojú omi kó ìfẹ́ wá bá wa. Ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ ti àrokò fún ọ rí ni? Láyé àtijọ́, owó ẹyọ mẹ́fà ni wọ́n ń so pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn bá fà sí: ẹẹ́fà, ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, mẹ́jọ ló ń padà wá: ẹẹ́jọ, tìrẹ jọ tèmi. Owó ló wà lóòótọ́, Àkànní, o ò purọ́; àmọ́ gbọ́ ohun tí owó ń sọ!

Akọni tí kì í sunkún! Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, tí Túndé Kèlání sọ di fíìmù ní 1997, o ní nítorí Yorùbá tó jinlẹ̀ inú rẹ̀ nìkan lo ṣe wò ó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo rí omi lójú rẹ, o ní èéfín ni. Èéfín wo? Gáàsì la fi ń dáná nílé yẹn, a ò sì tíì dáná lọ́jọ́ náà. (Kí n má parọ́, èmi náà sunkún. Ṣùgbọ́n èmi ò pe ara mi ní àpáta.)

Ajẹ-ata-bí-ẹni-jẹ-ṣúgà, asá-fún-àlùbọ́sà! Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹ̀yìn rẹ ni mo tò sí nídìí onísúyà. Mo gbọ́ tí o ní, “Àbókí, má fata sí i o. Kó àlùbọ́sà sí i dáadáa.” Àbókí gé e. O ní ó kéré. Ó gé òmíràn. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, o tún tọrọ ọ̀rá méjì kó má baà tutù, o wá gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ rà á fún?”

O ní, “Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́.”

Apá òsì ni ilé rẹ wà. Ọ̀tún lo yà sí. O ní o kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀ ni.

Ọ̀tá ìfẹ́, yára díẹ̀, súyà ń tutù.