Bí O Ṣe Lè Di Jíìpù Tó Ń Jẹ Ọ́ Run Mú: Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Ń Gbé ní Bouaké

Ọlọ́gbọ́n kò nílò ìwé yìí. Ọlọ́gbọ́n ti ra Corolla, ó ti san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti lọ sùn. Ìwọ ni mo ń bá wí, ìwọ oníṣòwò ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìnísà, tó wà ní Bouaké, Côte d'Ivoire, tó fi owó ọjà ra jíìpù olówó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú tà á. Kò sí gàráǹtì. Ẹni tó tà á búra pé obìnrin kan ṣoṣo ló ń wà á tẹ́lẹ̀, ilé ìjọsìn nìkan ló sì ń gbé e lọ. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí iná pupa rúsúrúsú fi tàn lójú dáṣíbọọ̀dù. Ọ̀rọ̀ ti di méjì báyìí: kí o tà á ni, àbí kí o dì í mú? Òmùgọ̀ kì í dáhùn ìbéèrè yìí wéréwéré. Ó ní ìlànà tó ń tẹ̀ lé. Ìlànà náà nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Má tọpa ibi tó ti wá

"France au revoir" ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní tòkunbọ̀. Má bi ara rẹ léèrè pé kí ló dé tí ẹni tó ń gbé nítòsí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, tí mẹ́káníìkì tó mọ̀ ọ́n dunjú wà ládùúgbò rẹ̀, fi yára jọ̀wọ́ rẹ̀. Má sì ka ọjọ́ orí rẹ̀. Oṣù Kejìlá 2017 ni ìjọba Côte d'Ivoire ṣòfin pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tó bá ti ju ọdún 5 lọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 2018. Nítorí náà, jíìpù arúgbó tó ń dán ní Bouaké lónìí, yálà ó ti wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì, tàbí kó jẹ́ pé ọmọdé ló wọlé, tó wá darúgbó sójú títì wa. Èyí ó wù kó jẹ́, ọwọ́ tó ti gba kọjá kò kéré. Òmùgọ̀ bíi tìrẹ wà lára àwọn tó ti ni ín rí. Ẹni tó tà á fún ọ ni kò sí lára wọn.

Ti Bouaké tiẹ̀ tún yàtọ̀. Láti 2002 títí di 2011, ọwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ Forces Nouvelles ni ìlú yìí wà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì wọlé láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn ogun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìwé fún wọn. Jíìpù tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ìwé ara rẹ̀. Ìwọ má ka ìwé. Àwọ̀ ọkọ̀ ni kí o máa wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Tún ohun tó ń pariwo ṣe, fi ohun tó ń pa á sílẹ̀

Jí láàárọ̀, kírun tán, ṣí géètì ilé rẹ ní àdúgbò Dar-es-Salam. Jíìpù rẹ ti kúnlẹ̀ bí ọmọbìnrin tó gbẹ̀kọ́ tó fẹ́ kí baba rẹ̀. Táyà iwájú lápá òsì ti wọ abẹ́ ara ọkọ̀ lọ débi pé ọwọ́ kò lè gba àárín wọn kọjá. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò kọjá ń yíjú wò ó. O kò janpata. O ta kọ́kọ́rọ́ sí i. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yìn kọ́kọ́ gbéra, iwájú tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi nàró. O rẹ́rìn-ín músẹ́, o ní, "Ẹ ò rí i? Kò sóhun tó ṣe é."

Ohun tó ṣe é kò farasin. Kì í ṣe sípíríǹgì onírin ló gbé ọkọ̀ yìí ró, àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni. Oòrùn àti eruku ọyẹ́ ti mú kí rọ́bà náà sán, afẹ́fẹ́ ń jò lóru, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti fẹ́ ẹ padà. Bó pẹ́ bó yá, yóò jóná. Ọjọ́ yẹn gan-an niṣẹ́ òmùgọ̀ bẹ̀rẹ̀: ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun, má fọwọ́ kan àpò tó ń jò. Ikú tó pa ti àkọ́kọ́ ni yóò pa tuntun náà, o ó sì rí ìtàn kan náà sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò mọ adùn ayé ló máa ń po omi ọṣẹ, tó ń wọ́n ọn sára àpò náà, tó ń wo ibi tó ti ń hó kó tó mówó jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ra gbogbo ohun tí "valise" bá dárúkọ

Mẹ́káníìkì yóò so "valise" rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, mọ́ abẹ́ sítíárì. Ẹ̀sùn yóò máa tú jáde lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: gíà, béréékì, sítíárì, kámẹ́rà ẹ̀yìn. "Patron," yóò wí, "ọkọ̀ yín fẹ́ kọ̀ǹpútà gíà, ó fẹ́ ti béréékì, ó sì tún fẹ́..." Gbà bẹ́ẹ̀. Má sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wọn agbára bátìrì, torí bí bátìrì bá ti rẹ̀, tàbí tí wáyà tó so ó mọ́ ara ọkọ̀ bá ti dípẹtà, gbogbo kọ̀ǹpútà inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa ké ìbòòsí nígbà kan náà láìsí ohun tó ṣe wọn. Bátìrì kan ṣoṣo lè pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Ìyẹn á ba àríyá jẹ́.

Bí wọ́n bá ní kí o pààrọ̀ epo gíà ńkọ́? Fi ìwé ọkọ̀ hàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló sọ pé epo náà kò nílò pípààrọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi kú. ZF, iléeṣẹ́ Jámánì tó ń rọ gíà fún BMW, Land Rover àti àwọn mìíràn, ní tirẹ̀ ní kí á máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà. Àmọ́ ZF kàn rọ gíà náà ni. Kí ló mọ̀ nípa rẹ̀?

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Gbà pé àrùn ìdílé kò ní kan tìrẹ

Ìdílé jíìpù kọ̀ọ̀kan ló ní àrùn tirẹ̀, tí gbogbo ayé sì mọ̀. Mú Porsche Cayenne àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2002. Àwọn ọ̀pá tó ń gbé omi gba àárín ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ kọjá, ike ni wọ́n. Ooru máa ń mú wọn fọ́, omi á sì dà nù. Àwọn tó gbọ́n ń fi ọ̀pá alumíníọ́ọ̀mù rọ́pò wọn kó tó bẹ́. Mú BMW X5 tàbí X6 tó ní ẹ́ńjìnnì N63: àárín ẹ́ńjìnnì gan-an, níbi tí ooru ti mú jù, ni wọ́n to tọ́bò méjèèjì sí, ẹ́ńjìnnì náà sì máa ń mu epo ara rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2014, BMW ṣe ètò àkànṣe fún un ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń yẹ ẹ̀wọ̀n ẹ́ńjìnnì wò, wọ́n sì ń pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà kan lọ́fẹ̀ẹ́. Bouaké kò sí ní Amẹ́ríkà.

Land Rover Discovery 3 wá ni baba gbogbo wọn. Bí tọ́bò rẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ló máa ń gbé gbogbo ara ọkọ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọwọ́ wọn tó lè dé ibẹ̀ dáadáa. Níbi tí ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè bá wà, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Lábẹ́ igi máńgòrò ní Sokoura, pẹ̀lú ṣéènì tí wọ́n so kọ́ ẹ̀ka igi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń kígbe "gbé e, gbé e!", eré ni, gbogbo àdúgbò ló sì máa wá wò ó.

Má wádìí àrùn tìrẹ. Má bèèrè bóyá ẹni tó tà á ti wo èyí tó le jù nínú rẹ̀ sàn, má sì béèrè risíìtì. Risíìtì ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí àrùn rẹ̀ ti kọjá lòun dì mú, àbí èyí tí tirẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Máa ka owó tó ti lọ

Ibí ni iṣẹ́ òmùgọ̀ pọ̀ sí jù, nítorí náà jókòó dáadáa. Ká ní mílíọ̀nù 9 sẹ́fà lo fi rà á. Ká ní o ti ná mílíọ̀nù 4 lé e. Gíà wá kọṣẹ́, wọ́n ní mílíọ̀nù 2 ààbọ̀ ni àtúnṣe rẹ̀. Bó ṣe wà yìí, ẹnì kan lè fún ọ ní mílíọ̀nù 3. Bí o bá tún un ṣe, mílíọ̀nù 5 ni ọjà lè san.

Ìṣirò ọlọ́gbọ́n kúrú. Yóò ní: "Àtúnṣe yìí máa fi mílíọ̀nù 2 kún iye rẹ̀, ó sì máa gba mílíọ̀nù 2 ààbọ̀ lápò mi. Ìlàjì mílíọ̀nù ti wọgbó kí n tó gbé e jáde. Ṣé ìrìn tí mo fẹ́ fi rìn tó owó yẹn, pẹ̀lú ohun tó tún máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Bí kò bá tó, kó máa lọ." Kò mẹ́nu kan mílíọ̀nù 13 rárá, torí ó ti lọ, bó tà á o, bó dì í mú o.

Tìrẹ gbọ́dọ̀ gùn ju ìyẹn lọ. Orí mílíọ̀nù 13 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Lu àyà rẹ, kí o sọ pé, "Èmi! Kí n ná mílíọ̀nù 13, kí n wá tà á ní 3?" Lẹ́yìn náà, ná mílíọ̀nù 2 ààbọ̀ sí i kí mílíọ̀nù 13 má bàa ṣòfò. Nígbà tí ọ̀pá omi bá tún bẹ́, mílíọ̀nù 15 ààbọ̀ ni o ó máa gbèjà, ọkọ̀ náà á sì tún wọ̀ ọ́ lára sí i. Bí páàtì bá gbọ́dọ̀ ti Yúróòpù wá, má retí pé owó máa rọ̀: yúró kan kì í kúrò ní fráǹkì 655.957. Páàtì tó jẹ́ yúró 1,000 ní Jámánì ti di sẹ́fà 655,957 kó tó kúrò lórí pẹpẹ tí wọ́n gbé e sí.

Ìyàwó rẹ lè bi ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì, èló lẹ ti ná lórí ọkọ̀ yìí láti Iléyá?" Má dárúkọ iye kankan. Ìwọ tó ń kọ gbèsè 500 fráǹkì tí oníbàárà jẹ sínú ìwé kékeré, tó sì ń ṣí i wò lálaalẹ́, o kò gbọdọ̀ kọ kọ́bọ̀ ìnáwó jíìpù sílẹ̀ níbì kankan. Bí o bá kọ ọ́, o ó rò ó pọ̀. Bí o bá rò ó pọ̀, ojú rẹ á là.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Jẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo gbèjà ọdún

Rántí ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2024. Nàìjíríà àti South Africa pàdé ní Stade de la Paix, Bouaké wa yìí, nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá AFCON. Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n ta, Nàìjíríà sì fi pẹ́nárítì 4-2 borí. Lọ́jọ́ náà, jíìpù rẹ ṣiṣẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí o ta kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó kó ọmọ ìlú wa méje, fèrè ń dún, AC tutù nini. Kò gbóná, kò kúnlẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí o tà á, ọjọ́ yẹn ni kí o fà yọ. Má fa àwọn ọjọ́ yòókù yọ, tó jẹ́ pé ọlọ́kadà ló ń gbé ọ lọ ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbésẹ̀ keje: Gbé e relé lóṣù Kejìlá

Láti Bouaké dé Abidjan tó nǹkan bíi 350 kìlómítà. Láti Abidjan dé Èkó, ó lé ní 1,000. Bodè Noé wà níbẹ̀, Elubo wà níbẹ̀, Aflao wà níbẹ̀, Hilla-Condji àti Sèmè náà ń dúró dè ọ́, kí o tó wá forí lé Èjìgbò. Bọ́ọ̀sì wà tó ń ti Abidjan lọ Èjìgbò tààrà, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á sùn títí dé ilé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ọ nínú bọ́ọ̀sì? Ṣekárími kì í wọ bọ́ọ̀sì. Nínú oòrùn Elubo, níbi tí ìlà ọkọ̀ kò ti yẹ̀, ni omi yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, àwọn aṣọ́bodè yóò sì wá pagbo yí ọ ká, wọn á máa yin ọkọ̀ rẹ. Sọ fún wọn pé o kàn ń sinmi ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Sá fún nǹkan mẹ́rin

Dídi jíìpù mú lè di ọgbọ́n mọ́ ọ lọ́wọ́ bí o kò bá ṣọ́ra. Nǹkan mẹ́rin ló ń fà á. Èkíní ni mẹ́káníìkì tó ti tú irú ẹ́ńjìnnì yẹn rí, tó sì ń sọ iye owó kó tó fọwọ́ kan irin. Èkejì ni risíìtì tó fi hàn pé àrùn ńlá inú rẹ̀ ti sàn. Ẹ̀kẹta ni owó ọkọ̀ tó wà lọ́tọ̀, tí kò sí lára owó ọjà. Ẹ̀kẹrin ni iye kan tí o ti kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pé bí ìnáwó bá ti dé ibẹ̀, títà ló kù. Ẹni tó bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa wa jíìpù rẹ̀ kó máa jayé. Kò sí lára àwọn tí mo ń kọ̀wé sí.

Ó ku ẹnì kan. Yóò wá láti Korhogo láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, yóò ti gbọ́ pé gíà ti kú, yóò mú mẹ́káníìkì tirẹ̀ dání, mílíọ̀nù 3 yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ." Má fún un lága. Má gbé omi fún un. Wò ó lójú kòrókòró, kí o sì sọ fún un pé mílíọ̀nù 13 lowó rẹ̀, láìka gáàsì AC tí o fi sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá.