Ààrẹ Onípátákó

Bí oṣù Keje bá ti ń kanlẹ̀kùn, kò sí bí ẹ ò ṣe ní dá Ààrẹ mọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ọdún Rótárì, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìsìn fún ìlú, ń bẹ̀rẹ̀ kárí ayé, ìgbà náà sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba ààrẹ tuntun. Ààrẹ ti rán agbádá léèsì, aṣọ ẹbí ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀, wọ́n ti gba gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀wọ̀n oyè kọ́ ọ lọ́rùn, yóò fọwọ́ tún un ṣe, yóò kọjú sí onífọ́tò, yóò ní, "Iṣẹ́ ìsìn ló gbé wa débí o." Owó ìrẹsì àti ẹran ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbẹ́ kànga dẹ̀rọ.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa sọ, kò ní dárúkọ iṣẹ́ ìlú àkọ́kọ́ tí Rótárì dáwọ́ lé. Ọdún 1905 ni Paul Harris, lọ́yà kan ní Chicago, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ láti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó di 1907, ilé ìgbẹ́ gbogboogbò ni wọ́n ń wá fún ìlú wọn. Ta ni yóò wọ léèsì lọ ya fọ́tò níwájú ṣáláńgá?

Kànga dẹ̀rọ ni Ààrẹ fẹ́ràn. Pátákó ibẹ̀ ga ju táǹkì lọ, orúkọ rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ ló sì gba ìdajì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n fa ọmọ iléèwé kan síwájú pé kó mumi. Ó mu ife kan. Onífọ́tò ní fílàṣì òun kò tàn. Ó mu èkejì. Adarí ètò ní Ààrẹ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé ife kẹta lé e lọ́wọ́, ọmọ ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú tíṣà rẹ̀. Abúlé náà kò ju ogún ilé lọ, àmọ́ nínú ìjábọ̀ tí Ààrẹ fi ránṣẹ́, 5,000 èèyàn ló jàǹfààní.

Rótárì ní owó ìrànwọ́ ńlá kan, fún iṣẹ́ tí ìnáwó rẹ̀ bá tó 30,000 dọ́là sókè. Àmọ́ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, kó sì ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà kò ṣe ní kú tí wọ́n bá lọ tán. Wàhálà nìyẹn lójú Ààrẹ. Àmọ́ ó yá a lára láti san 1,000 dọ́là kó lè gba oyè Paul Harris Fellow. Kì í yọ báàjì oyè yẹn láyà, kódà níbi ìsìnkú.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ni ẹgbẹ́ yìí ń ṣe, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Láti 1985 ni wọ́n ti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kárí ayé. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìkéde jáde pé irú rẹ̀ ti àdáyébá (wild poliovirus) ti kúrò ní Áfíríkà. Ẹ̀kán oògùn méjì lẹ́nu ọmọ, tàdáwà díẹ̀ lára ìka rẹ̀, ó parí. Kò síbi tí wọ́n ti lè kọ orúkọ Ààrẹ sí.

Kí oṣù Kẹfà tó parí, kànga ti dákẹ́. Kò sówó epo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí oyè kàn wá wọn ilẹ̀ fún kànga tirẹ̀.

"Ọ̀gá wa, ẹ bá wa tún eléyìí ṣe," ni ìyá arúgbó kan wí. "Ó ti tó wa."

Ọ̀gá gbójú sókè, ó ka orúkọ ara pátákó.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ti ààrẹ àná nìyẹn."