Ewu Ọrùn Ẹlòmíì

Ní ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ọdún kan péré lẹ́yìn tí J. R. R. Tolkien gbé The Hobbit jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì kò gbìmọ̀ pọ̀, síbẹ̀ àṣírí kan náà ni wọ́n mọ̀: ìrìnàjò eléwu dùn, bí kì í bá ti ṣe ẹsẹ̀ ẹni ni a fi ń rìn ín.

Ẹ wo òǹkàwé wa. Bí ìyàwó bá ní kó lọ ra iyọ̀ wá ní ìsọ̀ iwájú ilé, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ṣùgbọ́n kí Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìwé Fágúnwà, forí lé Òkè Lángbòdó, ara bàbá ti yá gágá lórí àga. Agbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún, ń bá ọdẹ náà jìjàkadì, bàbá ń jẹ ẹ̀pà, ó ń pariwo pé, "Má gbà fún un o!"

Ọba inú ìwé náà gbọ́n. Òun ló fẹ́ nǹkan Lángbòdó, ọdẹ ló rán. Bilbo ti Tolkien kò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dá: àwọn ràrá mẹ́tàlá jẹ oúnjẹ ilé rẹ̀, wọ́n tún fà á lọ sọ́dọ̀ dírágónì, kò tilẹ̀ ráyè mú áńkáṣífì.

Ìwé Fágúnwà ṣì wà lórí àtẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra tiyín; ẹ má wá yá tèmi.